Ẹ̀jẹ̀ ríru lára alárùn oríkèé: "ìfúnpá" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé pélébé kan ń bọ̀ fún àwọn tí oríkèé ń ro tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo dábàá: "ìfúnpá" fún ohun tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ń wọ̀n, "làkúrègbé" fún gbogbo àrùn inú ìwé náà, "oògùn ara ríro" fún ohun tí wọ́n ń lò sí i. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

* * *

Ẹ kú akitiyan, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àléébù, àmọ́ ti "làkúrègbé" ló lè dá ẹ̀mí légbodò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ìfúnpá" kúrò lọ́nà nítorí òun ló yá.

Oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ apá òkè ni ìfúnpá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀: ohun tí a fi ń fún apá. Bí ẹ bá kọ "ìfúnpá rẹ ga jù", ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa á rò pé ó ti fẹ́ dé èjìká ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń lò ó fún ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ibi tó ti wúlò jù ni kí ó dúró fún ọ̀já ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ìtọ́ni á wá rọrùn láti kọ: "Wé ìfúnpá mọ́ apá tí aṣọ kò bò. Rọ́bà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 apá náà ká. Bí ó bá kéré jù fún apá rẹ, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe rí gan-an lọ."

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n, "ipá ẹ̀jẹ̀" ni kí ẹ pè é, ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan. Kò sẹ́ni tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí "ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ dára" kò ní ìtumọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àìsàn náà. Ìṣòro kan ṣì wà nínú "ríru" fúnra rẹ̀. Òkun tó bá ń ru, a máa ń rí i, a máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á máa retí àmì lára, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tán, a kò lè yọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kí gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé náà jẹ́: "Ẹ̀jẹ̀ lè máa ru kí ara má sọ." Fún nọ́ńbà méjèèjì, mo dábàá "ipá ìfún", nígbà tí ọkàn bá fún, àti "ipá ìdẹ̀", nígbà tó bá dẹ̀. 140/90 nílé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí onítọ̀hún bá ń wọ̀n ọ́n nílé, 135/85 ni. Láti 2017, 130/80 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà.

Ó wá kan làkúrègbé. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ó dùn, ṣùgbọ́n ó kó ẹran oríṣiríṣi sínú ìkòkò kan. Ohun tó ń gbé ipá ẹ̀jẹ̀ sókè nínú àrùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń jẹ, èyí tí mo fẹ́ pè ní "oríkèé jíjẹ", oògùn tó ń lò, ọjọ́ orí àti ara sísanra ló sábà máa ń fà á. Lupus, àrùn tí ohun tó yẹ kó dáàbò bo ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, ń dé kíndìnrín: ìtọ̀ á máa hó, ẹsẹ̀ á máa wú, ẹ̀jẹ̀ á sì ru tẹ̀lé e. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbìyànjú láti mú ti alárùn lupus wá sísàlẹ̀ 130/80.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àrùn awọ líle (scleroderma). Láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ipá ẹ̀jẹ̀ lè ṣàdédé fò sókè kí kíndìnrín sì dákẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ 105/65 tó wá di 138/86 kò tíì dé 140/90, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ewu, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, tó bá tó mílígíráàmù 15 lójúmọ́ máa ń dá kún ewu yìí. Ìdílé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí captopril wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń dóòlà kíndìnrín náà. Bí ìwé bá kọ ọ́ pé "alárùn làkúrègbé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù títí yóò fi dé 140", a ti ṣi ẹni yìí lọ́nà.

Àrùn Takayasu tún yí i po. Ó ń mú kí iṣan ńlá tó lọ sí apá fún pọ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá kọ á wá kéré sí ti inú ara. Apá méjèèjì ni kí wọ́n wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ ipá ìfún wọn bá ju 10 lọ léraléra, kí dókítà mọ̀. Bí iṣan apá méjèèjì bá ti fún pọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n á wọ̀n.

Fún ìdílé àrùn tí ètò àjẹsára ti dojú kọ ara tó yẹ kó dáàbò bò, mo mú "àrùn ogun abẹ́lé ara" wá. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ogun abẹ́lé jẹ́.

Paracetamol àti ibuprofen, "oògùn ara ríro" ni méjèèjì lẹ́nu aráyé, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Ibuprofen, diclofenac àti naproxen, mo pè wọ́n ní "apawú". Ohun kan wà nínú kíndìnrín tó ń jẹ́ kí iṣan rẹ̀ là. Apawú ń dí i, kíndìnrín á sì di iyọ̀ àti omi mú. Ipá ẹ̀jẹ̀ á gòkè, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú lisinopril kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kan. Bí ènìyàn bá wá da lisinopril, oògùn atọ̀ àti apawú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíndìnrín lè dákẹ́ pátápátá. Paracetamol kò mọ́ tán o: gíráàmù 4 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 ti hàn pé ó lè gbé ipá ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀.

* * *

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ràntí pé orí fóònù tí kò ní àmì ohùn ni wọ́n á ti kà á. "Ipá ìfún" á di "ipa ifun", alárùn á sì rò pé inú ni wọ́n ń wọ̀n. "Oògùn atọ̀" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ àmì kúrò kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹ kọ "oògùn tó ń mú ni tọ̀", kò burú bó bá gùn. Nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Sítẹ́rọ́ìdì, irú prednisolone, náà ń pa wíwú. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó yẹra fún apawú lè jáwọ́ nínú prednisolone lójijì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ara ti gbára lé e. Bí ó bá já a lójijì, ó lè dá a wó, ipá ẹ̀jẹ̀ sì lè já sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ fi orúkọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Leflunomide àti ciclosporin, tí wọ́n ń lò fún irú àwọn àrùn yìí, náà ń gbé ipá ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹ má jẹ́ kí ìwé dárúkọ sítẹ́rọ́ìdì nìkan. Ẹ kò sì mẹ́nu kan gáùtì, oríkèé ríro tí ásíìdì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ń fà: irú oògùn tó ń mú ni tọ̀ tí wọ́n ń pè ní thiazide ń jẹ́ kí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, sì ń dín in kù.

"Ogun abẹ́lé ara" yẹn, ó dára lẹ́nu olùkọ́. Lẹ́tí ẹni tó ń ṣàìsàn, ṣé kì í ṣe ìpayà ni?

* * *

Mo gbà. Ìfúnpá ti padà sí apá. Ipá ẹ̀jẹ̀ dúró, nọ́ńbà òkè àti ìsàlẹ̀ dúró, apawú dúró pẹ̀lú orúkọ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì pín làkúrègbé sí orí márùn-ún. Ogun abẹ́lé ṣì wà lórí àpérò. Ojú ìwé kejì á kà báyìí:

"Jókòó fún ìṣẹ́jú 5, fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Bí èjìká kò bá jẹ́ kí apá dúró ní ìwọ̀n ọkàn, fi ìrọ̀rí gbé e. Má di ẹ̀ṣẹ́, má sọ̀rọ̀. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín wọn. Bí oríkèé bá ń ro ọ́ gidigidi lásìkò náà, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, nítorí ìrora nìkan lè gbé e sókè."