Bàbá ọmọ ní kí n dín ọjọ́ orí ọmọ kù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún 11 ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun kí orúnkún tó dá mi dúró. Ní báyìí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo ń kọ́ ní Adámásìngbà, n'Ìbàdàn, nítòsí pápá Lekan Salami tí Shooting Stars ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ ọdún 13 kan wà láàárín wọn tó ń fi ẹsẹ̀ òsì dárà. Bàbá rẹ̀ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 10, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe. Mo kọ̀. Mo ṣàlàyé pé láti 2009 ni FIFA ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ U-17 (àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 17 lọ) wò, láti mọ àwọn tó dín ọjọ́ orí wọn kù. Kò gbọ́. Kò jẹ́ kí ọmọ náà wá mọ́, ó sì ń dùn mí dọ́kàn.

Báwo ni mo ṣe lè bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ tí yóò fi gbà?

Ìkejì: ṣé kí n fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, àbí kí n kọ́kọ́ wáṣẹ́ sí ilé-ìwé? Ẹgbẹ́ tí mo gbá bọ́ọ̀lù fún gbẹ̀yìn ṣì jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta.