Eré wo la lè ṣe, èwo la lè wò ní Eugene nígbà ooru?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù kejì rèé tí a dé Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon, torí ẹ̀kọ́ ọkọ mi ní yunifásítì. Òjò ò jẹ́ káwọn ọmọ jáde látìgbà tá a ti dé. Ní báyìí oòrùn ti ń yọ, ìsinmi gígùn sì ti dé tán. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Owó akẹ́kọ̀ọ́ là ń ná. Ẹ jọ̀ọ́, eré wo ni wọ́n lè ṣe, èwo la sì lè lọ wò?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Òjò yẹn máa dá. Tó bá di oṣù keje àti ìkẹjọ, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí ẹ̀kán òjò, oòrùn kì í sì í wọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ gba afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá odò Willamette sí Alton Baker Park. Ọ̀nà eré sísá kan wà níbẹ̀, Pre's Trail, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin. Èèpo igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, ó rọ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Steve Prefontaine ni wọ́n fi sọ ọ́, asáré yunifásítì yẹn tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1975, lọ́mọ ọdún 24. Ọ̀fẹ́ ni.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ: Àǹtí, eré sísá ni wọ́n fi mọ ìlú tí ẹ wà yẹn. Hayward Field, pápá eré sísá tó wà nínú yunifásítì ọkọ yín, ibẹ̀ ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti sá eré 100 mítà onídènà nínú ìdíje eré sísá àgbáyé ní 24 oṣù keje, 2022. Mo wakọ̀ wá láti Portland, mo wà níbẹ̀. Kó tó kan àṣekágbá, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Ó yá ju ti gbogbo obìnrin láyé lọ: ti Kendra Harrison, ará Amẹ́ríkà, 12.20, ló ti wà láti 2016. Gbogbo wa dìde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó sá 12.06, ó gba góòlù. Afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn ti pọ̀ ju bí òfin ṣe gbà lọ, torí náà 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yá jù láyé. Ṣáájú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà kankan ò tíì gba góòlù nínú ìdíje àgbáyé yẹn rí. Nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ẹ mú ọmọbìnrin yín dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un. Tí ìdíje Prefontaine Classic bá ń bọ̀, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

BÀBÁ ṢADÉ: Ẹ gbìyànjú báásíbọ́ọ̀lù àwọn Emeralds ní PK Park. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ á gbádùn ẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Autzen Stadium di ìgbà tí ewé bá fẹ́ máa wọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Irúgbìn koríko ni wọ́n ń gbìn káàkiri àfonífojì odò Willamette yẹn. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lóṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Tí ojú ọmọ bá ń yún un, tó ń sín, kì í ṣe òtútù. Tó bá di oṣù kẹjọ, èéfín igbó tó ń jó lè dé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré níta. Omi odò yẹn tutù gan-an, kódà nínú ooru, ó sì ń ṣàn kíákíá. Láìsí ẹ̀wù tó ń léfòó, kí ọmọ kankan má wọ̀ ọ́.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ ṣeun gan-an ni o. A lọ sí Hayward lánàá, a wò ó láti ìta. Mo sọ ìtàn Tobi fún ọmọbìnrin mi. Látìgbà tá a ti délé ló ti to tìmùtìmù sílẹ̀ ní pálọ̀, tó ń fò wọ́n. Bọ̀dá Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìdènà tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè fò ṣe gbọ́dọ̀ ga tó?