Báwo la ṣe lè fi òǹkà mọ̀ bóyá à ń fojú fo eré àwọn obìnrin?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ kú ìjókòó o. Ètò eré ìdárayá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú là ń ṣe lédè Yorùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn òǹwòran ní bí ìdíje àgbáyé bá dé, ọkùnrin nìkan là ń gbé lárugẹ, ìgbà tí ètò bá fẹ́ parí la tó ń rántí obìnrin. Olóòtú wa ní irọ́ ni, pé àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun là ń lò. Kí la lè ṣe tí ọ̀rọ̀ náà á fi yanjú?

Baba Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀:
Olóòtú yín jàre díẹ̀, kò jàre tán. Ní Òlíńpíìkì, OBS, iléeṣẹ́ tí IOC, ìyẹn ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé, dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 ló ń ya àwòrán kan náà fún gbogbo tẹlifíṣọ̀n àgbáyé. Ẹ ò lè darí kámẹ́rà wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ mú níbẹ̀, èyí tí ẹ fi ṣíwájú, àkókò tí ẹ fún un àti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lé e lórí, ọwọ́ yín ló wà.

Ẹ kó ètò mẹ́rin tó tẹ̀ léra jáde. Ẹ fa ìlà sínú ìwé: ìròyìn wo ni, tọkùnrin ni àbí tobìnrin, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó, ipò kelòó ló wà, ta ló sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá ni kí ẹ kà o, kì í ṣe iye ìròyìn. Ìròyìn mẹ́ta fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin, wọ́n á ní ó dọ́gba, bẹ́ẹ̀ tọkùnrin lè gba ìṣẹ́jú 14 kí tobìnrin má pé mẹ́ta. Ẹ ka àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ètò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àlejò lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ojúsàájú máa ń sá pamọ́ sí.

Kí ẹ tó dájọ́, ẹ wo ohun tó wà lórí pápá lọ́sẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ti Òlíńpíìkì Paris 2024 ni, àwáwí ò sí: àyè eléré 5,250 fún ọkùnrin, 5,250 fún obìnrin.

Ìyá Sábó:
Òǹkà nìkan ò tó. Bí ẹ bá ń pe tọkùnrin ní "bọ́ọ̀lù", tí ẹ wá ń pe tobìnrin ní "bọ́ọ̀lù obìnrin", ẹ fi kún méjèèjì tàbí kí ẹ yọ ọ́ lára méjèèjì. Ẹ má sì fi orúkọ ìdílé pe ọkùnrin, bíi Osimhen, kí ẹ wá máa fi orúkọ àbísọ pe obìnrin, bíi Tobi, ṣáá.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò bá múra sílẹ̀, irun àti èékánná ni yóò rí sọ. Ẹ wo Tobi Amusan nínú eré ìdènà mítà 100 tobìnrin, ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, oṣù keje 2022. Ìdènà mẹ́wàá ni wọ́n ń fò, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan 83.8 sẹ̀ǹtímítà, mítà 8.5 láàárín wọn. Nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ó sá ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ìyẹn sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun. Ní àṣekágbá ó sá 12.06, síbẹ̀ wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun: atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2.0 lòfin gbà. Ṣé irú èyí ò dùn ún gbọ́ ju ọ̀rọ̀ èékánná lọ?

Olùkọ́ Ọ̀yọ́:
Àwọn akàndá ńkọ́? Folashade Oluwafemiayo gba góòlù nínú irin gbígbé ní Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn akàndá, ti Tokyo àti ti Paris. Kìlógíráàmù 167 ló gbé ní Paris. Ẹ dákun, ẹ yéé káàánú wọn lórí afẹ́fẹ́. Ẹ ṣàlàyé eré: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti gbìyànjú, á dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á sọ irin kalẹ̀ dé àyà, á dá a dúró ṣinṣin níbẹ̀, kó tó tì í sókè. Adájọ́ mẹ́ta ló ń tan iná, funfun méjì ti tó. Bí pupa bá pọ̀, ẹ sọ ohun tó fà á. Nínú eré sísá T11, ti àwọn tí ojú wọn ò ríran, ẹ dárúkọ ẹni tó ń fọ̀nà hàn wọ́n náà, torí òun pẹ̀lú ń gba àmì ẹ̀yẹ.

Bí ẹ bá sì ní ògbufọ̀ èdè adití, ẹ má jẹ́ kí àkọlé èsì bo ọwọ́ rẹ̀. Mo ń rí i gan-an.

Ọmọ Ajílété:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Bí kámẹ́rà bá wá lọ dúró síbi àyà tàbí ìdí eléré ńkọ́?

Baba Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀:
Bó bá jẹ́ àwòrán tí ẹ ti gbà sílẹ̀, ẹ gé e dànù. Ìlànà IOC fúnra rẹ̀ lòdì sí i. Bó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ máa sọ aago, ipò, àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Aṣọ di ìròyìn nígbà tí òfin bá wà nídìí ẹ̀, bíi ti àwọn obìnrin Norway lọ́dún 2021, tí wọ́n bu owó ìtanràn 1,500 yúrò lé lórí torí pé ṣòkòtò kúkúrú ni wọ́n wọ̀ dípò bìkínì nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá (handball) etí òkun. Kọ́dún yẹn tó parí, wọ́n ti yí òfin náà padà.