Ìwé owó orí dé ṣọ́ọ̀bù mi, ta ni kí n gbé e lọ bá?

Ìyá Onípara: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní mo jẹ gbèsè ₦870,000. Ojú ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀! Gbogbo ìpara tó wà lórí àtẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kí n mú ₦100,000 wá, òun á bá wọn sọ ọ́. Ṣé kí n fún un?

Akáwójọ: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, Mà. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé yẹn tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ 30 lẹ ní láti kọ̀wé takò ó. Ẹ kọ iye tí ẹ gbà pé ó yẹ kí ẹ san àti ìdí rẹ̀, kí ẹ so àkọsílẹ̀ báńkì àti rìsíìtì ọjà mọ́ ọn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín o! Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, ló kàn.

Ìyá Onípara: Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ta ló máa bá mi kọ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí CITN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ owó orí ní Nàìjíríà, ni. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Èyí tó bá mi ṣe tèmi, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbà. Báńkì ni mo ti san owó orí fúnra mi.