Ilé-ẹjọ́ wo ló ni ẹjọ́ àbúrò mi tí Amẹ́ríkà ń béèrè?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Amẹ́ríkà ní kí ìjọba wa fa àbúrò mi lé àwọn lọ́wọ́. Lọ́yà wa fẹ́ pẹjọ́ tako o nílé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Àmọ́ abala 251 ìwé òfin 1999 tí mo kà sọ pé ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń ka owó gàrí wọn fún lọ́yà yìí. Mi ò fẹ́ kí owó náà wọgbó. Bí adájọ́ bá sì ti ní kí wọ́n fa àbúrò mi lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ọjọ́ 15 péré ló kù ká fi bẹ ilé-ẹjọ́ kó dá a sílẹ̀. Ṣé ká gba ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta lọ kíá, àbí ká kọ́kọ́ pààrọ̀ lọ́yà?