Kí ló ń pinnu ìgbà tí ewéko tundra ń tanná?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. L'Ékòó níbí, ọyẹ́ ló ń mú máńgòrò tanná. Ewéko tundra, ilẹ̀ olótùútù tí igi kì í hù sí, ńkọ́? Ṣé bí ooru bá ti pọ̀ ni wọ́n ń yá?

Alewéko Yábàá: Kì í ṣe ooru nìkan, àbúrò. Ọjọ́ tí òjò dídì bá yọ́ kúrò lórí wọn ló ṣe kókó jù. Dryas, òdòdó kékeré kan ní tundra, ti di ìrudi sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó kàn ń dúró ni. Láti mọ ìgbà tó máa tanná, ọjọ́ tí òjò dídì yọ́ yẹn ni kó o ti máa ro ìwọ̀n ooru ojoojúmọ́ pọ̀, èyí tó ju òdo lọ nìkan: 2, −1, 4, ó di 6. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Òfò ni! Ewéko tó wà lábẹ́ òjò dídì ò mọ ooru ìta.

Ará Ìdúmọ̀tà: Yíyọ́ tètè náà léwu o. Òjò dídì ni aṣọ ìbora wọn. Bó bá ká kúrò láìtọ́jọ́, òtútù òru kan lè pa ìrudi. Ó sì lè pọ̀ jù: ní 2018, ní Zackenberg ní Greenland, ó pẹ́ nílẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ewéko ò rí irúgbìn so.