Ikọ́ kan náà ló mú àwọn ìbejì mi, Kẹ́hìndé nìkan ló dé orí ọ́síjìn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó bèèrè lánàá pé kí ló dé tí ikọ́ á wọ ilé tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ló máa ń dá wó lulẹ̀, ó ṣojú mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Táyé mi obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, inú kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, ike omi kan náà. Àmọ́ Táyé AS ni, Kẹ́hìndé SS, ìyẹn sickle cell. AS ni èmi àti bàbá wọn, a ò sì mọ̀ títí a fi bímọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tí wọ́n pé mẹ́rin, Táyé ló kó ọ̀fìnkìn wálé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó sín, ó wúkọ́, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ti ń sáré kiri ilé ó ń bèèrè búrẹ́dì. Ọjọ́ kẹta yẹn náà ni ti Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé bákan náà ló máa lọ. Kó tó di òru ara ẹ̀ ti gbóná janjan, ó di àyà mú, ó ní "Mọ́mì, ibí ń dùn mí." Mo ká ẹ̀wù ẹ̀ sókè, mo rí i tí awọ ìhà ẹ̀ ń wọnú tó ń jáde, ihò imú ẹ̀ ń fẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ètè ẹ̀, ó ti ń dúdú. Nígbà tá a dé ọsibítù wọ́n fi nǹkan kékeré kan bíi pẹ́ẹ̀gì tá a fi ń sá aṣọ há a níka, kí wọ́n fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbé wá, nọ́ọ̀sì ò bá mi sọ nǹkan kan mọ́, ọ́síjìn ló sáré lọ fà wá.

Dókítà ló wá là mí lóye. Ó ní jíìnì, ìyẹn ìlànà tá a jogún lọ́wọ́ òbí, tí ara fi ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ẹ̀ tó fi di S. Táyé gba S kan lọ́wọ́ wa, Kẹ́hìndé gba méjèèjì. Tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tó wú, ọ́síjìn á dínkù, tó bá ti dínkù ẹ̀jẹ̀ SS á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, á lọ dí iṣan tín-ín-rín tó wà níbẹ̀, ọ́síjìn á tún wá dínkù sí i, òmíràn á tún tẹ̀, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Acute chest syndrome ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ọjọ́ 9 la lò níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá ọkọ mi ní omi tútù ni mo fi wẹ̀ fún un, ẹnì kan nínú ẹbí tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ó ní ṣé kì í ṣe àbíkú báyìí. Omi kan náà ni mo fi wẹ àwọn méjèèjì o! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo bí wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú, London

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma, ẹ kú ìrọ́jú. ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mo wà ní 2020 nígbà Kòrónà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò ní súgà, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ ló ń bá a mí, bàbá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé. Mi ò mọ ohun tó wà lára ọmọ yẹn, àmọ́ lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ láti Netherlands pé ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti ilé méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n nílé kọ̀ọ̀kan, Kòrónà gbé wọn dé orí ẹ̀rọ, ọ̀kan kú, jíìnì TLR7 ló bàjẹ́ lára wọn. Òun ló máa ń ta ara lólobó pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé. Orí krómósóòmù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé jíìnì dání, ló wà, ẹyọ kan ṣoṣo sì lọkùnrin ní, kò sí èkejì tó máa gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má fìyẹn sọ pé jíìnì ló jẹ́ kí Kòrónà pa àwọn èèyàn dúdú níbí o. Ìlà jíìnì kan wà lórí krómósóòmù 3 tó ń jẹ́ kí Kòrónà le, láti ara àwọn Neanderthal, ẹ̀yà èèyàn ayé àtijọ́ kan tó ti run, ló ti wá, ó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará India àti Bangladesh, àwa ará Áfíríkà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Ohun tó fi wọ́n sínú ewu ni pé àwọn èèyàn wa ló ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ló ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì há mọ́ra nínú fúláàtì kékeré.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́

Èmi gan-an SS ni mí, mo ti lé lógójì. Ìyá Ìbejì, ṣé ó ń gba abẹ́rẹ́ flu lọ́dọọdún? Ẹ bi dókítà yín nípa hydroxyurea náà, oògùn tí àwa SS ń lò, látìgbà tí mo ti ń lò ó àyà mi ò dì mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ń gbà á, ó sì ń lo hydroxyurea náà. Wọ́n ti pé 11 báyìí, àwọn méjèèjì tún ń wúkọ́ láti ọjọ́ Ajé. Yàrá wọn ni mo ti ń kọ èyí, mo gbé fóònù sọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì lé Kẹ́hìndé láyà, mò ń ka bó ṣe ń mí.